Ẹsẹ̀ Òsì Àwẹ̀ró

Ìgbésẹ̀ mẹ́ta síwájú,
ẹ̀ẹ̀kẹrin, a wọ́ ẹsẹ̀ òsì.
Báyìí ni wọ́n ṣe ń jó o ní agbo ilé wa ní Kétu,
lẹ́yìnkùlé níbi tí a ń sá gbágùúdá sí.
Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà náà.
Mo gbé ẹsẹ̀ òsì sókè bí ẹni tó fẹ́ fo àgbàrá.
Ẹfúnṣeyì, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, fi ìdí igbá kàn mí lórúnkún:
"Má gbé e. Wọ́ ọ.
Ilẹ̀ ni yóò sọ fún ọ bó ṣe wúwo tó."

Kò sí ìlù, kò sí òǹwòran
àfi adìyẹ kan tó ń sàba lábẹ́ àká.
Ẹnu ló fi ń ka ijó náà: kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀, ṣùúù.
Inú ṣùúù yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

A kì í yan ijó nílé wa,
a máa ń bí i mọ́ni ni, bí èjí, bí ọwọ́ òsì lílò.
Ìyá Àwẹ̀ró jó. Ìyá ìyá rẹ̀ jó.
Òun náà ló ń jó ṣáájú àwọn olorì
ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń lọ wo iṣu tuntun,
ẹsẹ̀ méjèèjì fúyẹ́, wọ́n ní kì í ru eruku.

Ogun Dàhòmì wọlé.
Ìlú jó.
Àwẹ̀ró kò jó.
(Ọ̀rọ̀ kan náà ni lẹ́nu wa;
ẹ bi iná, ẹ bi obìnrin.)
Wọ́n so ó mọ́ obìnrin mẹ́fà lókùn kan,
ọrùn ẹsẹ̀ òsì mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ òsì,
ó di ọ̀nà Àgbómẹ̀.
Ìgbésẹ̀ mẹ́ta, okùn a fà.
Ìgbésẹ̀ mẹ́ta, okùn a fà.
Ẹni ìkẹyìn lóyún. Òun ni gbogbo wọn ń dúró dè.

Ọdún méje lé kó tó padà,
koríko ti hù níbi tí ààrò ìyá rẹ̀ wà.
Wọ́n ní kó jó, kí ilẹ̀ lè mọ̀ pé a ti dé.
Okùn ti já,
ẹsẹ̀ kò tíì gbọ́.
Àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin dúró lẹ́yìn, wọ́n ń wo gìgísẹ̀ rẹ̀.
Wọn ò bi í ní ìbéèrè.
Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n kọ́.

Ẹfúnṣeyì ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ mìíràn
ó ní obìnrin mẹ́jọ ni wọ́n.
Lẹ́ẹ̀kan, inú bí i, ó ní okùn kankan ò sí,
sòbìà ló mú Àwẹ̀ró lẹ́sẹ̀.
Mo ní, "Èwo ni ká gbà?"
Ó ní, "Wọ́ ẹsẹ̀ rẹ."

Mo ti di aránṣọ ní Kútọnu.
Bí mo bá ń tẹ máṣíìnì lóru, tí iná lọ,
mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ mi nínú òkùnkùn:
mẹ́ta, a dúró; mẹ́ta, a dúró.
Ta ni mò ń dúró dè?

Ní ọdún tó kọjá, zẹ́míjàn já wa sí ẹ̀gbẹ́ Àkàbà, èmi àti ọmọ mi.
Ẹfúnṣeyì dìde lórí ẹní, ó ń bọ̀ wá kí wa,
kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀,
ṣùúù.
Mo fẹ́ pàtẹ́wọ́.
"Làkúrègbé ni," ó ní. "Dókítà ní n ò gbọdọ̀ jó mọ́."
Mo ní, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ bí ẹ bá ń jó?
A rẹ́rìn-ín títí ó fi dì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ mú.

Ọmọ mi ti fa ìlà sùwè sí ẹ̀yìnkùlé,
lórí ilẹ̀ gbágùúdá.
Ó ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tọ, ẹsẹ̀ òsì wà lókè.
Ẹ̀gbọ́n ìyá mi na ọwọ́ sí igbá.
Kò mú un.
Ó ń wo ẹsẹ̀ náà lófuurufú.
Ó pẹ́ kó tó balẹ̀.